Ìṣàkóso Ẹ̀yìn Ríro Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ fún Ẹni tó Wà Lẹ́nu Àyípadà Akọ-n-bábo

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń dí ìlera lọ́wọ́, díẹ̀ ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu tó ẹ̀yìn ríro. Ẹ̀yìn ni a fi ń dúró, òun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ni a fi ń pọn ọmọ, òun náà ni a sì fi ń sùn. Bí ẹ̀yìn bá kọ iṣẹ́, kò sí ẹ̀yà ara mìíràn tí yóò rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe ní ìrọ̀rùn.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro láti ọjọ́ pípẹ́ ṣe lè ṣàkóso ìrora náà ní àsìkò tó wà lẹ́nu àyípadà akọ-n-bábo, ìyẹn ni pé ó ń ti ìgbé-ayé ọkùnrin bọ́ sí ti obìnrin, tàbí ó ń ti ti obìnrin bọ́ sí ti ọkùnrin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àlàyé náà fi ṣe ibùdó, nítorí pé ilé-ìwòsàn ìjọba ibẹ̀ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé sì wà ní àkọsílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùtọ́jú aláìlera tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sì lè bá wọn pàdé lẹ́nu iṣẹ́ nígbàkúùgbà. Kókó ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó mú ọ̀kan nínú ẹ̀yìn rẹ̀ àti àyípadà rẹ̀, kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ nínú àyípadà náà ló kan ẹ̀yìn. Bí a bá ti mọ ibi tó ti kàn án, a lè tọ́jú méjèèjì pọ̀.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

Bí ẹ̀yìn ríro bá ti lé ní oṣù 3, àwọn oníṣègùn a kà á sí ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé ní ọdún 2020, àwọn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro káàkiri àgbáyé tó mílíọ̀nù 619, àti pé ó ṣeé ṣe kí iye náà di mílíọ̀nù 843 ní ọdún 2050. Nínú ènìyàn 10 tí ìrora yìí ń bá jà, nǹkan bí 9 ni kò ní àrùn kan pàtó tí a lè tọ́ka sí nínú eegun ẹ̀yìn. Èyí kò sọ ìrora náà di irọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé iṣan, oríkèé, irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, àìróorunsùn àti àníyàn lè para pọ̀ bí i, kí wọ́n sì para pọ̀ máa tọ́ ọ dàgbà.

Akọ-n-bábo ni a fi ń pe ohun tó jẹ mọ́ jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin láwùjọ. Àwọn kan wà tí a kọ ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀ fún nígbà tí a bí wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ara wọn sí èkejì. WHO yọ ọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò lábẹ́ àìsàn ọpọlọ nínú ìwé ìsọ̀rí àrùn tí a mọ̀ sí ICD-11, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pe ẹni tó bá wà lẹ́nu irú àyípadà yìí ní aṣàyípadà. Àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 18 ni ọ̀rọ̀ sì dá lé.

Àyípadà kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àti aṣọ, kí ó kan lílo họ́mónù, kí ó sì dé orí iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gba gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kọjá. Ẹlòmíràn a dúró ní ti àkọ́kọ́, ẹlòmíràn a lọ dé òpin. Ohun tó dájú ni pé ọ̀nà náà gùn, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro sì ní láti rìn ín pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro náà.

Àyà Dídì àti Ẹ̀yìn

Ìgbàjá kì í ṣe àjèjì láàrin Yorùbá. Obìnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ agbára a máa gbàjá kí ara rẹ̀ lè le koko. Bí iṣẹ́ bá parí, a tú u. Ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tó yàtọ̀ sí i, ni àyà dídì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí a kọ obìnrin sílẹ̀ fún nígbà ìbí ló máa ń wọ aṣọ líle kan tó ń fún àyà mọ́ra kí ọmú má baà hàn. Aṣọ náà ń fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti jáde láàrin àwùjọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a kì í tètè tú u. Ọ̀pọ̀ ń wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, lójoojúmọ́.

Bí ènìyàn bá ti ń mí, eegun ìhà ń gbòòrò, ó sì ń padà. Aṣọ tó fún àyà pinpin kì í jẹ́ kí eegun ìhà gbòòrò bó ti yẹ. Àwọn iṣan tó wà láàrin èjìká méjèèjì àti àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò wá máa ṣe iṣẹ́ tó ju tiwọn lọ. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde lórí àwọn àgbàlagbà 1,800 tó ń di àyà, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àyà dídì ti fa ìnira kan ó kéré tan fún àwọn. Ẹ̀yìn ríro ló ṣe iwájú nínú àwọn ìnira náà: ó lé ní ìdajì wọn tó mẹ́nu bà á. Ìwádìí náà fi hàn pé iye ọjọ́ tí ènìyàn fi ń dì í láàrin ọ̀sẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀, àti pé báńdéèjì, téèpù ìdíwọ̀n-ẹrù àti ọ̀rá ìdínǹkan wà lára ohun tó ń ṣe ìpalára jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le sí i nìyí. Iṣẹ́ abẹ tó ń mú ọmú kúrò ló ń fòpin sí àyà dídì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwòsàn àkànṣe fún àyípadà akọ-n-bábo ló ń fi ènìyàn ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ ìjọba. Ìlànà gbogboogbò ilé-ìwòsàn ìjọba sọ pé kí aláìsàn má dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ilé-ìwòsàn àkànṣe wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń dúró kí wọ́n tó rí dókítà fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ọdún ìdúró náà jẹ́ ọdún àyà dídì. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí a rò pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ lásán ti di ohun tí ẹ̀yìn ń san gbèsè rẹ̀.

Kò ní ṣàǹfààní láti sọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó ṣáà bọ́ aṣọ náà sọnù, nítorí pé àwọn kan kò ní lè jáde nílé mọ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni dídín ìpalára kù. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́; kí wọ́n má fi sùn; kí wọ́n má fi ṣe eré ìdárayá; kí wọ́n ra èyí tó bá ìwọ̀n ara wọn mu, kí wọ́n má sì wọ méjì pọ̀; kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì láàrin ọ̀sẹ̀ sinmi. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro tẹ́lẹ̀ lè ní láti dín wákàtí náà kù sí i, kí ó lo ẹ̀wù tó fẹ̀ lé ara wọn nílé, kí ó sì mí kanlẹ̀ dáadáa nígbà tó bá tú u tán.

Ìdúró, Ìrìn àti Bàtà

Ara a máa kọ́ àṣà. Ẹni tó ń fi ọmú pamọ́ a máa tẹ èjìká síwájú. Obìnrin aṣàyípadà tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ a máa tẹ̀ ba kí gíga rẹ̀ má baà hàn. Bí èyí bá pẹ́, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn òkè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Kì í ṣe pé ìdúró kan ṣoṣo ló dára, tí gbogbo ìyókù sì burú. Ìdúró ojú kan fún ìgbà pípẹ́ ló ń dá ìrora sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ènìyàn máa yí ìjókòó àti ìdúró padà léraléra.

Bàtà gogoro náà wà lára rẹ̀. Obìnrin tó ti wọ bàtà pẹlẹbẹ fún ogójì ọdún kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan bọ́ sórí bàtà gogoro láti àárọ̀ dalẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ga púpọ̀, fún ìwọ̀nba wákàtí, kí ó sì máa mú òmíràn dání tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Họ́mónù, Eegun àti Oògùn Ìrora

Estrogen ni họ́mónù tí àwọn obìnrin aṣàyípadà ń lò. Testosterone ni ti àwọn ọkùnrin aṣàyípadà. Kò sí ìdí láti bẹ̀rù pé họ́mónù yóò ba eegun ẹ̀yìn jẹ́. Estrogen wà lára ohun tó ń jẹ́ kí eegun le, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó ń mú kí eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àwọn obìnrin aṣàyípadà le sí i. Ewu tó wà ni kí ara wà láìní họ́mónù kankan. Ẹni tí a ti yọ kóró abẹ́ rẹ̀ tàbí ilé-ẹyin rẹ̀, tí ó wá dá họ́mónù dúró nítorí pé ẹ̀yìn ń ro ó, ń fa eegun fífúyẹ́ wá sí ara rẹ̀ ni. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dá họ́mónù ara dúró láìsí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀ wà nínú ewu kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá họ́mónù dúró láìfọ̀rọ̀ lọ dókítà.

Ohun tó yẹ ní kíkíyèsí nípa ti iṣan ni pé estrogen máa ń jẹ́ kí iṣan dínkù díẹ̀, testosterone sì máa ń mú kí ó pọ̀ sí i. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ń dínkù nílò eré ìdárayá tó ń fún ẹ̀yìn àti ikùn lókun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kí ó má jẹ́ kí ìdùnnú agbára tuntun tì í sínú ẹrù wíwúwo lójijì.

Oògùn ìrora náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Spironolactone jẹ́ oògùn tí àwọn obìnrin aṣàyípadà kan ń lò láti dín agbára testosterone kù. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ ibuprofen tàbí irú rẹ̀, ó lè mú kí potassium inú ẹ̀jẹ̀ ga, kí ó sì ni kíndìnrín lára. Oògùn ìrora tó jẹ́ ìran mọfíìnì, bí a bá lò ó pẹ́, a máa dín họ́mónù ara kù, a sì máa di bárakú. Ìlànà tí àjọ NICE gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2016 sọ pé kí a má fún àwọn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro fún ọjọ́ pípẹ́ ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bákan náà, estrogen oníhóró tí a ń gbé mì ń fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì ju èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara lọ. Bí ẹ̀yìn ríro bá wá so ènìyàn mọ́ ibùsùn fún ọjọ́ púpọ̀, ewu náà a tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí gbogbo dókítà tó ń tọ́jú ẹni kan fi gbọ́dọ̀ mọ gbogbo oògùn tó ń lò.

Iṣẹ́ Abẹ

Ẹni tó ń múra fún iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ àti fún dókítà tó ń fún ènìyàn ní oògùn oorun, kí ọjọ́ náà tó pé. Iṣẹ́ abẹ kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí; bí wọ́n bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn yóò fi tìmùtìmù gbé ibi tó yẹ ró.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àyà, aláìsàn kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì máa sùn ní ìdojúsókè. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú ara obìnrin, ìtọ́jú kan wà tí aláìsàn gbọ́dọ̀ máa ṣe fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ìdùbúlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún ní títẹ̀. Ìjókòó pípẹ́ a sì máa nira. Irọ̀rí lábẹ́ orúnkún àti lẹ́yìn ẹ̀yìn a máa ṣèrànwọ́ púpọ̀. Ó dára kí ènìyàn kó àwo, aṣọ àti oúnjẹ sí ibi tí kò ga ju ìbàdí lọ kí ó tó lọ sí ilé-ìwòsàn, kí bíbẹ̀rẹ̀ àti nínà má baà pọ̀. Ó tún dára kí ó máa rìn dáadáa ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn lè lágbára dè é. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ jáwọ́, nítorí pé sìgá kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná, ó sì tún bá ẹ̀yìn ríro tan.

Àṣìṣe tí a ń pè ní "Apá Kíkán"

Àwọn aṣàyípadà tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwàdà kan tí kì í ṣe àwàdà: wọ́n ní bí ẹni kan nínú àwọn bá kán lápá, tí ó sì lọ rí dókítà, dókítà yóò sọ pé họ́mónù ló fà á. Wọ́n wá sọ àṣìṣe náà ní àrùn apá kíkán. Ẹ̀yìn ríro kò yọ sílẹ̀. Oníṣègùn kan lè kó gbogbo ẹ̀bi lé àyípadà lórí, kí ó má fọwọ́ kan ẹ̀yìn náà rárá. Òmíràn lè sọ pé kí ẹ̀yìn kọ́kọ́ san tán kí àyípadà tó tẹ̀ síwájú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè má san tán láé. Lójú ẹni tó ń dúró, ọ̀rọ̀ yìí dà bí ilẹ̀kùn tí a tì, tí a sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò.

Aláìsàn náà lè máa bẹ̀rù. Bí ó bá ti mọ̀ pé wọn yóò ní kí òun bọ́ra, tàbí pé orúkọ tí òun kò jẹ́ mọ́ ni wọn yóò ké ní gbọ̀ngàn, ó lè jókòó sílé kí ìrora máa le sí i. Onímọ̀ fisiotẹ́rápì tó bá bèèrè orúkọ tó yẹ kí òun pè é, tó sì gbàṣẹ kó tó fọwọ́ kàn án, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ìwòsàn náà.

Ọ̀nà Ìṣàkóso

Ìlànà NICE ti ọdún 2016 àti ìlànà tí WHO gbé jáde ní ìparí ọdún 2023 fẹnu kò lórí ohun púpọ̀. Èkínní, kí ènìyàn máa rìn, kí ó sì máa ṣe eré ìdárayá tó bá agbára rẹ̀ mu. Ìsinmi ọjọ́ pípẹ́ lórí ibùsùn a máa sọ ẹ̀yìn di aláìlágbára. Èkejì, kí aláìsàn ní ìmọ̀ nípa àìlera rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ìrora kò fi dandan túmọ̀ sí pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú ara. Ẹ̀kẹta, kí ìtọ́jú má yọ ìrònú àti àníyàn sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a má máa fi ìgbàjá ìṣègùn di ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú. Èyí yẹ ní ìrònú: bí àwọn onímọ̀ kò bá gba dídì ní ìtọ́jú fún ẹ̀yìn tó ń ro, a ti rí ìdí tí àyà dídì láìsinmi kò fi lè bá a rẹ́.

Aṣàyípadà lè fi ohun mìíràn kún un. Kí ó máa kọ wákàtí àyà dídì, oògùn, oorun àti ìwọ̀n ìrora sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ a máa fi hàn dókítà ohun tí ẹnu lè gbàgbé. Bí ibi ìdárayá gbogboogbò bá ń dẹ́rù bà á, kí ó ṣe eré náà nínú yàrá rẹ̀ tàbí kí ó rìn ní ìdájí. Ẹ̀yìn kò bèèrè ibi tí a ti ṣe é.

Àmì Ewu

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ibi tí ènìyàn fi ń jókòó lórí àga bá kú tipiri, bí kò bá lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bá ń jáde láìmọ̀, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ilé-ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà, ara rírù láìnídìí, tàbí ìrora tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá náà nílò àyẹ̀wò kíákíá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ abẹ́ ara gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ó lè rò pé iṣẹ́ abẹ náà ló mú kí ibẹ̀ kú tàbí kí ìtọ̀ ṣòro.

Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Èdè Yorùbá ní ohun èlò tó wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Arọ́pò-orúkọ "ó" kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" ń tọ́ka sí ọjọ́ orí nìkan, kókó tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹnu mọ́ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1997. Nọ́ọ̀sì tó bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá tàbí bàbá aláìsàn lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà tán láìṣi ẹnikẹ́ni pè.

Yorùbá tún ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó pọ̀ fún ìrora. Ẹ̀yìn lè máa ro, ó lè máa ta, ó lè máa gún, ó lè máa jó, ó sì lè máa fà. Ìrora tó ń jó wá láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lè fi hàn pé nǹkan tẹ iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀; èyí tó kàn ń ro lè jẹ́ ti iṣan tó rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó bá kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ yìí ti fún wọn ní ohun tí wọn yóò sọ fún dókítà lọ́jọ́ iwájú.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàlàyé ohun tí ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́ àti bí àyà dídì, ìdúró, họ́mónù àti iṣẹ́ abẹ ṣe kàn án. Ó ti fi hàn pé ìdúró ọlọ́pọ̀ ọdún fún ìtọ́jú wà lára ohun tó ń pa ẹ̀yìn lára, àti pé kíkó gbogbo àìlera lé àyípadà lórí jẹ́ àṣìṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí oníṣẹ́ abẹ, onímọ̀ họ́mónù, onímọ̀ fisiotẹ́rápì àti aláìsàn fúnra rẹ̀ bá jọ sọ̀rọ̀, ẹni náà yóò lè máa tẹ̀ síwájú nínú ìgbé-ayé tó yàn láìjẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn.